Aṣọ Ọjọ́ Ajé: Ìrìnàjò Mi sí Ìṣẹ́yìn

Ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Bélú, mo jókòó nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Mọníyà, ní etí ìlú Ìbàdàn, mo ń dúró kí èrò kún kí a lè gbéra lọ sí Ìṣẹ́yìn. Owó tí ó wà nínú àpò mi kì í ṣe tèmi nìkan. ₦250,000 ni, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta ni a dá a jọ láti fi ra òfì agbádá fún bàbá wa, tí wọn yóò pé ẹni 70 ọdún kí ọdún náà tó parí. Èmi ni wọ́n rán, nítorí pé èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè àti àṣà Yorùbá ní yunifásítì. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó ti kàwé nípa ẹtù, sányán àti àlàárì kò lè ra ayédèrú. N kò sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ka ìwé nípa aṣọ, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ aṣọ rà.

Ẹni tí ó bá ń dúró nínú ọkọ̀ tí kò tíì kún kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lọ. Awakọ̀ wa wọ ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù Chelsea tí wọ́n kọ orúkọ Drogba sí ní ẹ̀yìn. Láti ọdún 2015 ni Drogba ti fi Chelsea sílẹ̀. Àwọ̀ búlúù ara ẹ̀wù náà sì ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ máa jọ eérú. Bàbá tí wọ́n jókòó tì mí wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n tẹ àwòrán ìyá arúgbó kan sí ní àyà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tí ó kú. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè bóyá ìyá wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn kò rí ìyá náà rí láyé. Ọ̀gá kan tí àwọn bá mọlé ni ó kó mẹ́ta fún àwọn lẹ́yìn ìnáwó, aṣọ náà sì nípọn dáadáa fún iṣẹ́ bíríkìlà. Ní ìjókòó iwájú, ọkùnrin kan wọ ẹ̀wù ìpolongo ìbò. Olùdíje tí àwòrán rẹ̀ wà lára ẹ̀wù náà kò wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn wọ bùbá àǹkárá tí ó dájú pé aṣọ ẹbí ni nígbà kan rí, ó sì wọ ṣòkòtò eré ìdárayá dúdú sí i, bóyá nítorí pé ṣòkòtò tí wọ́n jọ rán pọ̀ ti gbó.

Àwa tí a ń kọ̀wé nípa oge ọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ọkùnrin ni ó ń dúró níwájú dígí láràárọ̀ tí ó ń yan ohun tí ó lòde. Nínú ọkọ̀ yẹn, ó ṣòro fún mi láti rí ẹyọ ẹnì kan tí ó yan aṣọ ọrùn rẹ̀ ní tòótọ́. Ohun tí ó lòde nígbà kan rí ni wọ́n wọ̀. Ó ti lòde fún ẹlòmíràn, ó ti parí iṣẹ́ oge rẹ̀, kí ó tó wá bọ́ sí wọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkìríkà. Ìjọba àpapọ̀ ka aṣọ àlòkù mọ́ àwọn ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé, ó ń balẹ̀ sí ọjà Kàtángówà ní Èkó, ó sì ń ti ibẹ̀ dé àwọn ìlú kéékèèké. Kóòtù tí òṣìṣẹ́ báńkì kan wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè di ohun tí ọlọ́kadà wa fi ń dènà òtútù òwúrọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, èmi náà ń rà á.

Gbogbo èyí kì bá tí ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tí bàbá mi sọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ìrìnàjò náà.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún tí ó kọjá, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n sì dìde, ó dà bí ẹni pé ìdajì ara wọn ni ó bá wọn dìde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣíwọ́ lílọ sí ìdí ìwé ìròyìn ní oríta àdúgbò wa, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti máa ń pàdé láràárọ̀ láti ka ìwé ìròyìn lófẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń lọ síbẹ̀. A rò pé ara wọn ni kò tíì le. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀fọ̀ ìyá wa, tí wọ́n kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ni kò tíì tán lára wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mò ń lọ sí Ìṣẹ́yìn nítorí agbádá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀.

Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, agbádá yẹn dára. Ṣùgbọ́n kí ni màá wọ̀ lọ́jọ́ Ajé?”

Kò yé mi. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tí a rán fún wọn ní ọdún Kérésì tí ó kọjá wà níbẹ̀, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá télọ̀. Léèsì wà níbẹ̀, agbádá méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn wa ni gbogbo wọn, aṣọ ìmúròde sì ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa ṣòkòtò kan tí wọ́n fi kọ́ni nígbà ayé iṣẹ́ wọn yọ, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ kan dì í mú níbàdí kí ó má baà já bọ́. Wọ́n wọ ẹ̀wù rẹ̀ sí i. Ọrùn ẹ̀wù náà gba ọrùn wọn àti ọwọ́ mi méjèèjì. Ìyá wa ni wọ́n máa ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ nígbà tí wọ́n bá sanra tàbí tí wọ́n bá rù. Kò sí ẹni tí ó rántí iṣẹ́ náà láàrin wa lẹ́yìn tí ìyá wa lọ.

Wọ́n ní, “Bí mo bá wọ èyí jáde, wọn yóò máa káàánú mi. Bí mo bá wọ sẹ́nétọ̀ lọ sí ìdí ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn yóò máa bi mí ta ni ó ń gbéyàwó.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wọ ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn.

Kìlómítà 65 ni ọ̀nà tí ó ti Mọníyà lọ sí Ìṣẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun. Ní báyìí ó tẹ́jú, awakọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Àwọn àgbẹ̀ tí a ń bá pàdé létí ọ̀nà, àdá léjìká, wọ ohun kan náà tí àwọn èrò inú ọkọ̀ wa wọ̀: ẹ̀wù bọ́ọ̀lù, ẹ̀wù òkú, ẹ̀wù ìbò. Mo ka ẹ̀wù Arsenal mẹ́rin kí oorun tó gbé mi lọ.

Ìlú ńlá ni Ìṣẹ́yìn ní agbègbè Òkè Ògùn, Aṣẹ́yìn sì ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sin ilẹ̀ bàbá wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n nítorí àgọ́ wọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi gbogbo tí Yorùbá wà ni aṣọ òkè. Etí ni ènìyàn fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ti dé àdúgbò àwọn ahunṣọ. Ariwo igi tí ń gbá igi ni, ó ń lọ ní kánkán, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń lọ. Lábẹ́ àtíbàbà onípáànù gígùn kan, àwọn ahunṣọ jókòó ní ìlà méjì, oníkálukú nídìí òfì tirẹ̀. Òwú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò hun nà lọ níwájú rẹ̀ jìnnà, títí dé ibi tí wọ́n ti dì í mọ́ òkúta lórí pákó kékeré kan. Ẹrù ni wọ́n ń pe òkúta àti pákó yìí. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ ahunṣọ. Ohun tí ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Télọ̀ ni yóò tò wọ́n mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí yóò fi di aṣọ.

Mo wo ọrùn àwọn ahunṣọ náà. Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù. Síńgílẹ́ẹ̀tì. Jíìnsì tí wọ́n gé di péńpé. Nínú nǹkan bí ogún ènìyàn tí wọ́n wà lápá ibi tí mo dúró sí, ẹnì kan kò wọ òfì.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dá ẹsẹ̀ dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀. “Àǹtí, ta ni yóò fún mi lówó rẹ̀? Ọ̀kan tí mò ń hun yìí, ọjọ́ kan péré ni ẹni tí ó ni ín yóò wọ̀ ọ́.” Ó nawọ́ sí fóònù rẹ̀ tí ó gbé ti òpó. Àwòrán ìyàwó ojú ọ̀nà kan ní Èkó ni ó wà lójú fóònù náà, pẹ̀lú àwọ̀ tí ó fẹ́. Burnt orange ni wọ́n pè é. Ó ní ní ọdún kan, òwú tí ń dán yanranyanran ni gbogbo oníbàárà ń béèrè. Nígbà tí àwọn ra púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ èyí tí ń dán mọ́. Teal wá, ó lọ. Champagne wá, òun ṣì wà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí yóò lòde ní oṣù mẹ́ta sí i, mo rò pé ìdí òfì ni kí a lọ, kí a yé dúró de ìwé ìròyìn oge. Àwọn tí wọ́n wọ aṣọ àná ni wọ́n ń hun aṣọ ọ̀la.

Ní ìpẹ̀kun àtíbàbà náà ni mo ti rí bàbá kan tí aṣọ wọn yàtọ̀. Dàńṣíkí ni wọ́n wọ̀, kò ní apá, ihò ọwọ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Òfì ni wọ́n fi rán an láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlà méjì tí ó jọ ara wọn nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rí i pé aṣọ wọn ni mò ń wò.

“Àṣẹ́kù ni, ọmọ mi. Bí iṣẹ́ bá tán tí ó bá ṣẹ́ kù, màá gé e pamọ́.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí wọn fún mi. Pupa yìí jẹ́ ti òkú àgbà kan ní Ìlọrin. Èyí tí ó dà bí ewé jẹ́ ti ìgbéyàwó kan ní Èkó. Èyí tí ó wà lábẹ́ abíyá ọ̀tún, ẹni tí ó ní kí wọ́n hun ún díje dupò, ó fìdí rẹmi, kò sì wá gbé aṣọ rẹ̀ títí di òní. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń wọ dàńṣíkí náà hunṣọ, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko.

Mo mọ ìtàn dàńṣíkí nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ Hausa ni ó bí orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni aṣọ abẹ́, èyí tí a ń wọ̀ sí abẹ́ ẹ̀wù ńlá. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin ni: ó gba afẹ́fẹ́, ó sì jẹ́ kí apá lè yí bí ó ṣe wù ú. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e wọ̀ láti fi hàn pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn ní Áfíríkà kò ti àwọn lójú. Ní ọdún 1967, àwọn kan ní Harlem, ní New York, dá ilé-iṣẹ́ New Breed sílẹ̀, wọ́n sì ń rán an tà. Àtẹ̀jáde aláràbarà tí ó yí ọrùn àti àyà ká, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí dàńṣíkí lónìí, ilé-iṣẹ́ Vlisco ti ilẹ̀ Netherlands ni ó ya á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yẹn kan náà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ó padà dé bá wa láti òkè òkun gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lòde. Mo ra ọ̀kan. Mo fi ya fọ́tò, mo wọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, n kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Ohun tí ó bí i, èyí tí bàbá ahunṣọ wọ̀ yìí, kò kúrò nílé ní gbogbo àkókò náà.

Bàbá sọ fún mi nípa kíjìpá. Ìyá wọn ń hun ún lórí òfì tí a ń gbé dúró ti ògiri, èyí tí àwọn obìnrin ń lò, tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Òwú nínípọn ni, kò ní ìlà púpọ̀, kò ní oge kankan. Òun ni bàbá wọn wọ̀ lọ sóko títí tí wọ́n fi kú. Mo rántí òwe tí olùkọ́ wa kan máa ń pa ní yunifásítì, mo sì pa á: kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà, àgbà tí kò ní tòfì a rọ́jú ra kíjìpá. Olùkọ́ wa ní òwe náà ń fi kíjìpá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá kò gbà. Wọ́n ní kíjìpá jẹ́ aṣọ ọ̀lẹ nítorí pé kì í gbó. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan kò ní í wá òmíràn fún ọdún gbọọrọ, kí ni ọ̀lẹ tún ń fẹ́? Wọ́n ní kí n wo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dáadáa. Kò sí ibi tí òwe náà ti sọ pé kí àgbà rìn ní ìhòòhò títí tí yóò fi rí owó òfì. Ohun tí ó kàn ni pé ní ilé tiwọn, kò sí ẹni tí ó ń hun kíjìpá fún àgbẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi: kí a tó ra òwú, kí a tó fi ọjọ́ mẹ́fà hun ún, kí télọ̀ tó gba tirẹ̀, òkìríkà mẹ́wàá ni owó rẹ̀ yóò rà. Àgbẹ̀ wo ni yóò bá a yín lọ́rùn?

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn, gbogbo rẹ̀, títí kan ṣòkòtò tí wọ́n fi ọwọ́ dì mú.

Mo rò pé iye tí mo mú lọ́wọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n bi mí bóyá bàbá mi máa ń pẹ́ lórí ìjókòó. Wọ́n bi mí bóyá òtútù máa ń mú wọn láàárọ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti ṣe wọ́n. Wọ́n bi mí ohun tí wọ́n máa ń kó sínú àpò, bóyá ọ̀tún ni wọ́n ń lò tàbí òsì, bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn fọ aṣọ tàbí àwọn fúnra wọn. N kò lè dáhùn ìdajì rẹ̀, ojú sì tì mí. A ti rán aṣọ fún ọkùnrin yìí lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń kó ìgò ojú wọn sí.

Bàbá ahunṣọ ní òwú lásán ni àwọn yóò lò, èyí tí kò dán, kí ó fúyẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ yóò dúdú bí ti ẹtù, pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, bí wọ́n bá sì ti ń fọ̀ ọ́ ni yóò máa rọ̀. Bùbá àti ṣòkòtò méjì, àti dàńṣíkí kan fún inú ilé.

Wọ́n wá béèrè pé, “Agbádá ńkọ́? Wọn kò ní ọ̀kankan tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní wọ́n ní ẹtù kan tí wọ́n fi gbéyàwó ní ọdún 1988, ó wà nínú àpótí ìyá wa.

“Ẹ lọ gbé e jáde. Agbádá kì í mọ̀ pé ènìyàn rù.”

Òótọ́ ni. Èjìká ni agbádá ń gbé kọ́, kò bìkítà nípa ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí a gé mọ́ ara ni wọ́n ń tú àṣírí. Àwa ọmọ ń sáré kiri láti ra ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo tí àìsàn kò lè bàjẹ́ lára bàbá wa.

Mo jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà lórí fóònù. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi dá mi lóhùn.

“Ṣé bùbá lásán ni a ó fi ya fọ́tò ọjọ́ ìbí 70 ọdún? Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Àkúrẹ́!”

“Bọ̀dá mi, agbádá 1988 wà nílẹ̀. Ẹtù gidi ni.”

“Aṣọ àtijọ́ ni! Ohun tí gbogbo wa fi owó sí kọ́ nìyẹn.” Wọ́n pa fóònù.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ilé ìwòsàn. Àwọn ni wọ́n sùn lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójú tiwọn, agbádá tuntun tí ń dán ni ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú gbogbo ayé pé bàbá wọn kò kú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo jẹ àkàrà, mo ń ro bóyá ẹ̀tọ́ mi ni láti yí ìpinnu ènìyàn mẹ́rin padà nítorí ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ àti ohun tí bàbá kan sọ fún mi. N kò tíì rí ìdáhùn sí i nígbà tí fóònù dún.

Wọ́n ní, “Ṣe bí o bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n fìlà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Fìlà yẹn, n kò gbà kí ó jẹ́ àtijọ́.”

Mo san àsansílẹ̀. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú fìlà, jẹ́ ₦165,000. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, awakọ̀ kan gbé òfì náà dé Mọníyà fún mi nínú àpò ìrẹsì, wọ́n ká a róbótó róbótó bí ẹní.

Agbádá náà jáde láti inú àpótí. Òórùn káńfọ̀ kún gbogbo ilé. Bàbá mi gbé e kọ́ èjìká méjèèjì, wọ́n ṣẹ́ apá rẹ̀ sókè, ẹ̀gbọ́n mi àgbà tí wọ́n ti ní àwọn kò ní sọ nǹkan kan sì gbé fóònù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò.

Télọ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú ayẹyẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí bàbá mi kọ́ rí ni, Tíṣà ni ó sì ń pè wọ́n títí di òní. Bí ó ti ń fi téèpù wọn ìbàdí wọn, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó rí iye tí ó jẹ́. Ó wá béèrè pé, “Tíṣà, ẹnu ṣòkòtò ńkọ́? Ṣé kí n ṣe é kí ó há díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kẹ̀ǹbẹ̀ ni bàbá àwọn wọ̀, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àlóńgò tí ó há mọ́ ẹsẹ̀ wà láyé ìgbà náà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn jẹ́ ọ̀dọ́, bóńgò ni àwọn wọ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ títì. Nígbà tí àwọn di tíṣà, French suit dé, àwọn rán mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ìkẹyìn wọ èyí tí ó há bí pẹ́ńsù, ní báyìí àwọn ọmọ ọmọ wọn tún ti ń wọ èyí tí ó fẹ̀. “Mo ti rí i kí ó fẹ̀, mo ti rí i kí ó há. Ṣe é kí n lè jókòó nínú rẹ̀.”

“Àpò ńkọ́, Tíṣà?”

“Méjì, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí ti ọ̀tún jìn, kí ó lè gba ìgò ojú àti ìwé ìròyìn tí a ká.” Wọ́n fi ọwọ́ wọn hàn án bí ó ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. “Ṣé yóò ṣetán?”

“Ẹ má mikàn, sà. Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, ó ti dé ọwọ́ yín.”

“N kò sọ ti Àbámẹ́ta,” ni bàbá mi wí. “Ọjọ́ Ajé ni mò ń béèrè.”